Ilẹ̀ Mowe Kí Portal Tó Dé: Ìtàn Fáìlì Màmá Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá yín dúró ní Ìbàfò, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ò ráyè gbọ́ ọ, tẹ́ ẹ wá ń kà á lórí fóònù, ẹ̀yin náà kú iṣẹ́. Ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ síbí. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ inú fáìlì kan ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Fáìlì aláwọ̀ ewé ni. Ó ti gbó, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi ní Mowe ló máa ń wà. Ọdún 2003 ni wọ́n ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì níbẹ̀. Ohun tó wà nínú fáìlì yẹn ni rìsíìtì tí mọ̀lẹ́bí tó ta ilẹ̀ fi ọwọ́ kọ, ìwé àdéhùn tí lọ́yà tẹ̀, sọ́fè, rìsíìtì owó ìpìlẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ gbà, àti rìsíìtì owó òrùlé tí wọ́n tún padà wá gbà.

Lọ́dún tó kọjá, mo sọ fún wọn pé, "Màámi, ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká gba C of O ilé yìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti máa ṣe gbogbo ẹ̀, ẹ ò ní í dé Abẹ́òkúta rárá."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn mọ ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tí kò mọ fóònù lò ni. Ọjọ́ tí a gbé fáìlì náà lọ sí káfè ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọmọkùnrin tó ń bá àwọn èèyàn kún fọ́ọ̀mù níbẹ̀ tẹ́ àwọn ìwé náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mà, orúkọ mẹ́ta ló wà níbí o." Lórí rìsíìtì mọ̀lẹ́bí, "Ìyá Ṣọlá" ni wọ́n kọ. Lórí ìwé lọ́yà, orúkọ bàbá mi ló tẹ̀lé orúkọ wọn. Lórí NIN, orúkọ ilé bàbá wọn ni wọ́n lò. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀.

Ohun tó gbé mi lọ sídìí ìtàn nìyẹn. Mo fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́ pé ilé tí èèyàn ti ń gbé fún nǹkan bí ogún ọdún, tó ti bí ọmọ, tó ti sin òkú níbẹ̀, kò sí nínú ìwé ìjọba kankan.

Pèrègún ni sọ́fè ayé ìjọ́un

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìfọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba oníwèé ti tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè wa. Ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó lọ sókè. Ó gba Ìfọ̀ kọjá, ó dé Abẹ́òkúta, nígbà tó sì di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún ya ẹ̀ka kan láti Ìfọ̀ lọ sí Ìdógò, lọ́nà Ìlaròó. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń dúró, akọ̀wé máa wà níbẹ̀: ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń wọn ẹrù, ẹni tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn kì í ṣe àlejò sí ìwé. Láti 1898 títí di 1914, wọ́n ní ìjọba tiwọn tí wọ́n ń pè ní Egba United Government. Ó ní kóòtù, ó ní òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, Adégbóyèga Ẹdun sì ni akọ̀wé àgbà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àmọ́ ní abúlé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Bí ẹbí kan bá fẹ́ fún èèyàn nílẹ̀, àwọn àgbà á wọ inú oko lọ, wọ́n á rìn yí ààlà ká, wọ́n á gbin pèrègún sí igun kọ̀ọ̀kan, aládùúgbò á dúró ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ kò ní í wá ọ́fíìsì lọ, aládùúgbò ló máa lọ bá. Ẹ̀rí wà dáadáa, àmọ́ inú orí àwọn èèyàn ló wà.

Ìwé ìjọba tí ará abúlé kọ́kọ́ mọ̀ dunjú ni ìwé owó orí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó orí tuntun kalẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ogun ti bẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn ti hú ojú irin. Ogun Adúbí là ń pe ìyẹn. Ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn tún dìde sí owó orí obìnrin, wọn ò sì sinmi títí tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé, bí bàbá àgbà kan bá ń lọ́ra láti fi NIN rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù lónìí, ẹ má tètè pè é ní aláìmọ̀kan. Ìran rẹ̀ ti rí i rí pé ìwé tó bá wá kọ orúkọ ẹ, owó ẹ ló ń bọ̀ wá gbà. Iṣẹ́ tí ìwé náà máa bá ẹ ṣe kì í tètè dé.

Ọdún tí òfin àti títì jọ dé

Kí ìpínlẹ̀ Ògùn tó wà, Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ ìjọba wa máa ń lọ. Òkìkí iṣẹ́ ọba Western Region kàn nígbà náà. Simeon Adébọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, ló ṣe olórí rẹ̀ kó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Nígbà tó di 1975, ìjọba ológun Murtala Muhammed lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ìyẹn ò tíì rọlẹ̀ tí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, tí Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú.

Ìpínlẹ̀ tuntun ni, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìjókòó. Kò pé ọdún mẹ́ta tí nǹkan méjì fi já lù wọ́n lórí.

Àkọ́kọ́ ni òfin ilẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun gbé Land Use Decree jáde. Òfin náà sọ pé gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú ìpínlẹ̀ kan wà lábẹ́ àṣẹ gómìnà, tó máa dì í mú fún àwọn ará ìlú. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìgboro, gómìnà ló máa fúnni níwèé. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Bí o bá fẹ́ ta ilẹ̀ tó ní ìwé gómìnà, àfi kí gómìnà fọwọ́ sí i. Wọ́n so òfin yìí mọ́ ìwé òfin Nàìjíríà ti 1979, ó sì tún wà nínú ti 1999 tí à ń lò lónìí. Ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti yí padà.

Ìkejì ni títì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1978 kan náà, wọ́n ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìbàfò àti Mowe kọjá.

Ẹnì kan náà ló wà lórí àlééfà nígbà méjèèjì: Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ẹ tún wá wo ibi tí wọ́n bí i sí. Ìbógùn-Ọláògún ni, abúlé kan tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ lónìí. Ọmọ agbègbè wa ló fọwọ́ sí òfin tó sọ pé kí ilẹ̀ wọ inú ìwé, òun náà ló ṣí títì tó mú kí gbogbo ayé máa wá ra ilẹ̀. Títì sì sáré ju òfin lọ.

Èkó tú sórí wa

Oko ló yí Mowe àti Ìbàfò ká nígbà yẹn. Ọ̀nà tó wọ inú lọ láti Mowe ló lọ sí Ọ̀fàdà, ìlú tí ìrẹsì rẹ̀ gbajúmọ̀. Lẹ́yìn tí títì dé, ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ ibùdó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1983, àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn náà sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí owó ilé Èkó wá di èyí tí apá ò ká mọ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá: tíṣà, awakọ̀, ìyá ọlọ́jà, òṣìṣẹ́ báǹkì. Ará Agége àti Alágbádo gba ọ̀nà Ìfọ̀, ará Ọ̀jọ́ta àti Kẹ́tu gba ọ̀nà tiwa. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ni wọ́n ń pè é sí Ọ̀jọ́ta lẹ́nu àwọn tó ń ta ilẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe ń tà á ni wọ́n ń kọ rìsíìtì, kò sì sẹ́ni tó ń gbé rìsíìtì lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n ta ilẹ̀ mìíràn fún èèyàn méjì, mẹ́ta. Wọ́n ta ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé tipẹ́tipẹ́, ẹni tó rà á ò sì mọ̀ títí tí bulldozer fi dé. Owódé ni olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tó ni Mowe àti Ìbàfò, àmọ́ ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa ò débẹ̀ rí. Èkó ni wọ́n ti ń jí ṣiṣẹ́, wọ́n kàn ń wá sùn nílé ni.

Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà ni ti 2006. Ó ní èèyàn tó lé ní 500,000 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, èyí tó lé ní 220,000 sì wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé. Wọ́n fẹ́ ka èèyàn ní 2023, wọ́n tún sún un síwájú. Ẹni tó bá ti wọ Mowe lẹ́nu ọdún mẹ́wàá sí àsìkò yìí mọ̀ pé ìlú tí wọ́n kà ní 2006 kọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Owó orí ńkọ́? Òfin sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló yẹ kó gba owó orí owó oṣù rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì Èkó lo fi gba iṣẹ́, Èkó ni orúkọ ẹ máa wà. Ilé ẹ wà l'Ógùn, ìwé ẹ wà l'Ékòó.

Fáìlì tó ń rìn, fáìlì tó ń sùn

Ní 2012, mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí mi ò ní í dárúkọ, nítorí ìwé ilẹ̀ tiẹ̀. A jí ní aago mẹ́rin. Wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó. Ìgbà kẹta, fáìlì ò tíì sọ̀kalẹ̀. Ìgbà kẹrin, wọn ò rí fáìlì mọ́.

Akọ̀wé àgbàlagbà kan ló ṣàánú wa. Ó mú mi wọ yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Fáìlì dé òkè àjà, eruku bò ó, fáànù kan ló ń yí. Ó ní, "Àbúrò, a ò kórìíra yín o. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí nǹkan wà nínú yàrá yìí. Bí mo bá gba ìsinmi, ọ́fíìsì ti gba ìsinmi nìyẹn." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn àpótí kan, ó fa fáìlì ẹ̀gbọ́n mi yọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn dáadáa. A rò pé ìjọba oníwèé ni, àmọ́ inú orí ẹnì kan ni ìwé ń gbé. Kò yàtọ̀ sí ti pèrègún. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé aládùúgbò tó mọ ìdí pèrègún kò jìnnà sí ẹ, ẹni tó mọ ìdí fáìlì sì wà l'ókèèrè, ó sì lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ kó tó rántí.

Ìjọba náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Nígbà ìjọba Ìbíkúnlé Amósùn, tó ṣe gómìnà láti 2011 sí 2019, wọ́n gbé ètò Home Owners' Charter kalẹ̀, kí ẹni tó ti kọ́lé láìgba ìwé lè wá gba á ní owó tó dín kù. Ní 2016, wọ́n ṣe òfin tó de àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń fipá gbalẹ̀. Lẹ́yìn tí Dàpọ̀ Abíọ́dún dé ní 2019, ìjọba rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. OLARMS ni wọ́n ń pe ètò náà. Orí rẹ̀ lèèyàn ti ń béèrè ìwé, tó sì ti ń sanwó.

Mi ò ní í bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn. Owó tó bá gba báǹkì lọ ní nọ́ńbà, èèyàn sì lè tọpa rẹ̀. Fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í tẹ̀ lé akọ̀wé lọ sí ìsinmi. Ẹni tí gbogbo ìwé rẹ̀ pé, tí orúkọ rẹ̀ bára mu láti òkè délẹ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ jíjí ní aago mẹ́rin. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ohun tí portal ò lè ṣe

Àmọ́ mélòó nínú wa ni ìwé wa pé? Kọ̀ǹpútà ò lè mú ohun tí kò sí níwèé jáde. Ohun tó bá bá nílẹ̀ ló máa gbé sókè. Bó bá bá orúkọ mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta ló máa kà. Bí rìsíìtì bá ní "Ìyá Ṣọlá", kò ní í béèrè pé Ṣọlá wo.

Torí náà, ìlà tó wà ní ọ́fíìsì ò tán, ṣe ló ṣí lọ sí káfè. Ẹ lọ wo káfè tó wà nítòsí yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé: ìyá arúgbó tó fẹ́ tún ọjọ́ ìbí ṣe lórí NIN, ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìjọba, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ káfè ló ti di akọ̀wé ìjọba láìgba owó oṣù, láìbúra fún ẹnikẹ́ni. Òun ló dá email fún màmá mi. Òun ló mọ password rẹ̀. NIN wọn wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ̀lú ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Èèyàn dáadáa ni. Bí kò bá wá jẹ́ èèyàn dáadáa ńkọ́?

Ibì kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ti gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Rwanda ni. Láti 2009 sí 2013, wọ́n forúkọ ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá sílẹ̀. Wọn ò ní kí àwọn àgbẹ̀ máa wá olú-ìlú lọ. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níṣẹ́, wọ́n fún wọn ní àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láti òfuurufú, wọ́n ní kí wọ́n lọ rìn ín pẹ̀lú onílẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan sí, wọ́n á fi bírò fà á sórí àwòrán. Bí ìjà bá wà, wọ́n á kọ ọ́ pé ìjà wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ tó wọ kọ̀ǹpútà. Kò yanjú gbogbo wàhálà wọn, àmọ́ aládùúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè password.

Ìyẹn ò kọjá agbára wa. CDA wà ní gbogbo àdúgbò ní Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀. Baálẹ̀ wà. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba méjì àti surveyor kan bá jókòó sábẹ́ kánópì lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn àgbà tó rántí ẹni tó ta ilẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kú, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lè di ti oṣù díẹ̀. Àwọn tó rántí ń dín kù. Òun ló ń kán mi lójú.

Ní ti màmá mi, ohun tó gbà wá lákòókò kì í ṣe portal. A lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan ló ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A gbé e sínú ìwé ìròyìn. A wá mọ̀lẹ́bí tó ta ilẹ̀ lọ. Bàbá tó fọwọ́ sí rìsíìtì ti kú, àmọ́ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ náà ṣì wà, ó sì bá wa fọwọ́ sí i. Ó gbà wá ní oṣù mẹ́rin. Nígbà tí gbogbo ìwé pé, orí íntánẹ́ẹ̀tì gbà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan péré.

Nígbà tí nọ́ńbà jáde lórí fóònù, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti wá mọ ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi báyìí?"

Mo ní, "A ti sọ fún un, Màámi."

A ṣì ń retí ìwé náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tó ra ilẹ̀ sí agbègbè wa, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ fa fáìlì yẹn yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ṣé ó bára mu pẹ̀lú NIN? Ẹ gbé sọ́fè lọ fún surveyor tó ní ìwé ẹ̀rí, kó bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Ẹ béèrè ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí, ṣé ó ṣì wà láyé? Bó bá wà, ẹ lọ kí i kí ọ̀la tó dé.

Ó tán lẹ́nu mi fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ, pàápàá lórí WhatsApp ẹbí. Ó dìgbà kan ná. Ire o.